Kí A Tó Pa Ètò Ìdarí Kọ̀ǹpútà Dà: Ohun tí Ìtàn Àkọtọ́ Fi Hàn

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni ilé-iṣẹ́ Microsoft parí ìtọ́jú gbogbogbòò tí ó ń ṣe fún Windows 10. Ìbéèrè tí ọjọ́ náà gbé wá sí iwájú àwa tí a ń ṣiṣẹ́ èdè fún ìjọba ní ìlú Accra kò ṣòro láti sọ. Dídáhùn rẹ̀ ni ó ṣòro. Ṣé kí a ra kọ̀ǹpútà tuntun tí yóò lè gba Windows 11 ni, tàbí kí a mú èyí tí ó wà lọ́wọ́ wa kí a sì fi Linux sínú rẹ̀? Ètò ìdarí ni a ó máa pe Windows àti Linux nínú ìwé yìí, nítorí pé àwọn ni ó dúró láàrin ẹ̀rọ àti iṣẹ́ tí a fẹ́ kí ẹ̀rọ ṣe. Ètò ìdarí ni ó ń gba ohun tí ìka wa tẹ̀, òun ni ó ń fi í hàn lójú kọ̀ǹpútà, òun náà ni ó sì ń tọ́jú rẹ̀ pamọ́ títí ọjọ́ tí a ó tún béèrè rẹ̀.

Windows 11, tí ó jáde ní ọdún 2021, kì í gba gbogbo kọ̀ǹpútà. Ó ń béèrè ẹ̀yà ara ẹ̀rọ kan tí ó wà fún ààbò, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ TPM 2.0, kò sì gba ọ̀pọ̀ nínú àwọn kọ̀ǹpútà tí a ṣe ṣáájú nǹkan bí ọdún 2018. Kọ̀ǹpútà tí a rà ní ọdún 2015 lè máa ṣiṣẹ́ láìsí àléébù, síbẹ̀ kí wọ́n sọ fún un pé ọjọ́ rẹ̀ ti pé. Ilé-iṣẹ́ tí kò bá fẹ́ kúrò lórí Windows 10 lè san owó kí ìtọ́jú ààbò má bàa dáwọ́ dúró, ṣùgbọ́n fún ọdún mẹ́ta péré. Owó náà jẹ́ dọ́là 61 lórí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ní ọdún kìíní, ó sì ń di ìlọ́po méjì ní ọdọọdún. Ẹni tí ó bá ṣe ìṣirò rẹ̀ yóò rí i pé dọ́là 427 ni kọ̀ǹpútà kan yóò jẹ kí ọdún mẹ́ta náà tó pé, kò sì ní kúrò ní kọ̀ǹpútà àtijọ́.

Nítorí ìṣirò owó yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi rò pé ọ̀rọ̀ akápò àti ti àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ni, pé kò kan onímọ̀ èdè. Ojú tí àwa fi wò ó yàtọ̀. Ohun tí ilé-iṣẹ́ èdè ní nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀ kọjá ìwé ìpè ìpàdé àti ìwé owó oṣù. Ìwé atúmọ̀ èdè wà níbẹ̀, ìwé ìkàwé tí a kò tíì tẹ̀ jáde wà níbẹ̀, ìtàn tí a gbà sílẹ̀ lẹ́nu àwọn arúgbó wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Lẹ́tà tí kò sí nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ gbogbo wọn. Bí àwọn lẹ́tà náà bá dàrú níbi tí a ti ń ṣí kúrò nínú ilé kan bọ́ sí òmíràn, kò sí iye dọ́là tí a lè fi ra ẹnu arúgbó tí ó ti kú padà.

Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ gba ọ̀nà ìtàn lọ sínú ọ̀rọ̀ yìí. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí a ó béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ń kọ èdè ilẹ̀ wa sílẹ̀ bóyá kí wọ́n fi ohun èlò kan sílẹ̀ kí wọ́n sì mú òmíràn.

Ní ọdún 1855 ni Karl Richard Lepsius, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì, tẹ ìwé rẹ̀ jáde lórí irú lẹ́tà kan tí a lè fi kọ gbogbo èdè. Àwọn Church Missionary Society fi ọwọ́ sí i, àwọn Basel Mission sì tẹ̀ lé e. Ọ̀nà tí Lepsius là sílẹ̀ fún ohùn tí lẹ́tà Róòmù kò ní ni pé kí a fi àmì sí orí tàbí sí abẹ́ lẹ́tà tí ó súnmọ́ ọn. Lọ́dọ̀ Yorùbá, ìwé ọ̀rọ̀ tí Samuel Àjàyí Crowther ṣe ti jáde láti ọdún 1843. Ṣùgbọ́n ìpàdé tí àwọn Church Missionary Society ṣe ní Èkó ní ọdún 1875 ni ó fi ìdí àkọtọ́ tí a mọ̀ múlẹ̀, pẹ̀lú àmì lábẹ́ ẹ, ọ àti ṣ. Bíbélì Yorùbá odindi jáde ní ọdún 1884. Ní ìhà tiwa níhìn-ín, Johann Gottlieb Christaller, tí ó ṣiṣẹ́ ní Akropong, ti mú Bíbélì Twi wá sí ìparí ní ọdún 1871. Ó tẹ ìwé gírámà rẹ̀ jáde ní ọdún 1875, àti ìwé atúmọ̀ èdè Asante àti Fante ní ọdún 1881. Òun pẹ̀lú fi àmì sí abẹ́ e àti o. Ẹni tí ó bá gbé ìwé Twi ìgbà náà sí ẹ̀gbẹ́ ìwé Yorùbá ìgbà náà yóò mọ̀ pé ọmọ ìyá ni wọ́n.

Ní ọdún 1926 ni a dá àjọ kan sílẹ̀ ní London fún ìmọ̀ èdè àti àṣà ilẹ̀ Áfíríkà, tí Diedrich Westermann sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn olùdarí rẹ̀. Ní ọdún 1927 àjọ náà gbé ìwé àkọtọ́ kan jáde, wọ́n sì tún un ṣe ní ọdún 1930. Ìmọ̀ràn ìwé náà ni pé kí a dín àmì orí àti àmì abẹ́ kù, kí a sì lo lẹ́tà tuntun tí ó dá dúró, irú bí ɛ, ɔ àti ŋ. Wọ́n ní àmì tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà máa ń sọnù lọ́wọ́ ẹni tí ń kánjú, ó sì máa ń ni ojú òǹkàwé lára. Gold Coast gba ìmọ̀ràn yìí. Akan, Ga àti Ewe bọ́ sínú lẹ́tà tuntun. Ewe tilẹ̀ ní ɖ, ƒ, ɣ àti ʋ pẹ̀lú. Yorùbá ní Nàìjíríà kò gbà á. Ìwé tí ó ti wà nílẹ̀ láti ọdún 1875 ti pọ̀ jù, Bíbélì sì wà lọ́wọ́ gbogbo ilé.

Ohun tí ó yẹ kí a fi ọkàn sí níhìn-ín ni ẹni tí ìyípadà náà wọ̀ lọ́rùn. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ ìwé kíkà pẹ̀lú lẹ́tà tuntun kò mọ̀ pé nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀. Ẹni tí ó ti ka Bíbélì ọdún 1871 dàgbà ni ó jókòó tì í tí ojú rẹ̀ ń kọ́ ìwé lẹ́ẹ̀kejì. Iṣẹ́ ńlá sì ni ti ilé ìtẹ̀wé tí ó ní àpótí lẹ́tà òjé tí a kò lò mọ́. Ohun tí a ti kọ sílẹ̀ ni ó san gbèsè ìyípadà ọdún 1927. Ìpinnu yìí kò sì fi gbogbo Yorùbá sí ọ̀nà kan, nítorí ní orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí ìjọba ti ṣe álífábẹ́ẹ̀tì kan fún gbogbo èdè ilẹ̀ náà ní ọdún 1975, ɛ àti ɔ ni wọ́n fi ń kọ Yorùbá. Ní Nàìjíríà, ìwé tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe lórí àkọtọ́ Yorùbá ní ọdún 1965, àti ìgbìmọ̀ tí ó tẹ̀ lé e, ni ó mú wa dé àkọtọ́ tí ìjọba fi ọwọ́ sí ní ọdún 1974. Àmì abẹ́ wà níbẹ̀ síbẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń ṣiṣẹ́ èdè ní Accra máa ń rí ọmọ ìyá méjì lórí tábìlì kan náà: Akan kọ ɛ, Yorùbá kọ ẹ, ohùn kan náà ni ó ti ẹnu jáde.

A kò ní pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ táìpù. Nígbà tí a dá ilé-iṣẹ́ ìwé èdè abínibí sílẹ̀ ní Gold Coast ní ọdún 1951, èyí tí ó di Bureau of Ghana Languages lẹ́yìn náà, ẹ̀rọ táìpù ni ọba ọ́fíìsì. Ẹni tí ó bá ní owó a ra èyí tí wọ́n ti pa bọ́tìnnì rẹ̀ dà. Ẹni tí kò bá ní a tẹ e àti o lásán, a sì mú bírò lẹ́yìn náà láti fi àmì sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Yorùbá rí ìrọ̀rùn díẹ̀ níhìn-ín, nítorí pé ó rọrùn láti fi bírò kán àmì sí abẹ́ o ju kí a sọ o di ɔ lọ. Ṣùgbọ́n ìrọ̀rùn náà ní ewu tirẹ̀, nítorí pé ohun tí ó rọrùn láti fi kún un lẹ́yìn náà ni ó rọrùn láti gbàgbé. Bí a bá rí ìwé tí a táìpù tí bírò kò kàn, tí a kọ oko sínú rẹ̀, oko tí à ń ro ni, tàbí ọkọ aya, tàbí ọkọ́ tí à ń fi ro ó, tàbí ọkọ̀ tí à ń wọ̀ lọ síbẹ̀, tàbí òkò tí à ń jù? Ẹni tí ó kọ ọ́ nìkan ni ó lè dáhùn.

Kọ̀ǹpútà kò mọ lẹ́tà rárá. Nọ́ńbà ni ó mọ̀. Kí ó tó lè tọ́jú ìwé, a gbọ́dọ̀ fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, bí ìgbà tí a fún ilé kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ní àdúgbò. Ètò nọ́ńbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà gbé jáde ní ọdún 1963, tí a ń pè ní ASCII, ní àyè 128 péré, lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ó sì ń gbé ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ àyè náà di 256, tí àwọn lẹ́tà ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù sì rí ààyè wọlé. A kò lè sọ pé kò sí ẹni tí ó rántí Áfíríkà. Àwọn onímọ̀ èdè ṣe ìpàdé ní Bamako ní ọdún 1966 àti ní Niamey ní ọdún 1978 lórí álífábẹ́ẹ̀tì tí yóò bá èdè ilẹ̀ Áfíríkà mu, ìlànà àgbáyé kan tí a ń pè ní ISO 6438 sì jáde ní ọdún 1983 tí ó fún lẹ́tà Áfíríkà ní nọ́ńbà. Orí ìwé ni ó wà. Kọ̀ǹpútà tí a ń tà ní ọjà kò tẹ̀ lé e.

Nínú ètò nọ́ńbà tí Windows ń lò fún ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù, lẹ́tà Ewe kan ṣoṣo nínú mẹ́rin tí a dárúkọ lókè rí ilé, ìyẹn ni ƒ. Kì í ṣe nítorí Ewe. Àmì owó gúlídà àwọn ará Holland ni wọ́n fi í ṣe. Nítorí pé àmì owó kò ní lẹ́tà ńlá, Ƒ kò sí níbẹ̀. Ti ɖ tún burú ju èyí lọ, nítorí pé ó tan ènìyàn jẹ. Lẹ́tà ńlá rẹ̀, Ɖ, jọ Ð tí àwọn ará Iceland ń lò, èyí tí ó wà nínú Windows, ó sì jọ Đ ti àwọn ará Croatia pẹ̀lú. Ẹni tí ń táìpù Ewe lè rí Ð kí inú rẹ̀ dùn, kí ó sì máa lò ó. Lórí tákàdá, kò sí ojú tí ó lè mọ ìyàtọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ní kí ẹ̀rọ sọ lẹ́tà ńlá náà di kékeré, ð ti Iceland ni yóò kọ, kì í ṣe ɖ. Bí a bá sì wá ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé atúmọ̀ èdè, a kò ní rí i.

Ọgbọ́n tí gbogbo ayé ta sí ìṣòro yìí nígbà Windows 3.1, tí ó jáde ní ọdún 1992, àti Windows 95, ni ọgbọ́n fọ́ǹtì. Fọ́ǹtì ni àwòrán lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà ń yà fún nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n ṣe a mú nọ́ńbà àmì kan tí kì í lò, bí àpẹẹrẹ àmì ìdajì, ½, a sì ya ɔ sí ipò rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí ó bá tẹ bọ́tìnnì náà, ɔ ni ó ń rí lójú kọ̀ǹpútà, ɔ náà ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń tẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìwé tí ó dára ni a fi ọgbọ́n yìí ṣe, ní Accra, ní Ìbàdàn, ní Lomé, a kò sì gbọ́dọ̀ fi àwọn tí ó ṣe é ṣe ẹlẹ́yà. Láìsí wọn, ọdún mẹ́wàá ni à bá fi jókòó láìkọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà nínú fáìlì kì í ṣe ɔ. Ìdajì ni. Ọjọ́ tí fọ́ǹtì náà bá sọnù, tàbí tí a ṣí fáìlì náà lórí kọ̀ǹpútà tí kò ní i, ìdajì ni yóò kún ojú ìwé. Fọ́ǹtì kọ̀ọ̀kan sì ní ètò tirẹ̀, nítorí pé ẹni kọ̀ọ̀kan ni ó jókòó sí yàrá tirẹ̀ ṣe é, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì kọ ètò náà sílẹ̀ níbì kankan.

Nígbà tí fóònù alágbèéká dé, àwọn ọ̀dọ́ Accra ta irú ọgbọ́n kan náà láìsí fọ́ǹtì rárá. Wọ́n fi 3 dípò ɛ, wọ́n sì fi àmì ) dípò ɔ, títí tí 3te s3n fi di ohun tí gbogbo ènìyàn ń kà láìdúró. Àwọn àgbàlagbà kan bínú sí i. Àwa kò bínú. Ẹni tí ó wá 3 dípò kí ó fi e lásán sílẹ̀ ti fi hàn pé òun mọ̀ pé lẹ́tà náà yàtọ̀. Yorùbá orí fóònù kò ṣe tó bẹ́ẹ̀. Òun fi e àti o sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì ń retí kí òǹkàwé fi orí ara rẹ̀ wá a.

Ohun tí ó tún ọ̀rọ̀ yìí ṣe ni Unicode, tí ìwé kìíní rẹ̀ jáde ní ọdún 1991, tí ète rẹ̀ sì jẹ́ pé kí gbogbo lẹ́tà ayé ní nọ́ńbà tirẹ̀ tí ẹlòmíràn kò ní. Nínú rẹ̀ ni ɛ, ɔ, ŋ, ɖ, ɣ àti ʋ ti di ọlọ́jà ara wọn, tí Ƒ sì bá ƒ gbé. Àwọn lẹ́tà Yorùbá tí ó ní àmì abẹ́ náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́: ẹ àti ọ bá àwọn ará Vietnam wọlé ni, nítorí pé èdè wọn ń lo irú rẹ̀; ṣ sì bá àwọn tí ń fi lẹ́tà Róòmù kọ Sanskrit wọlé. Fún èyí ni ẹ fi ní nọ́ńbà kan, tí ẹ́ tí ó ní àmì ohùn kò sì ní. Nọ́ńbà méjì ni a gbọ́dọ̀ tò tẹ̀ lé ara wọn kí ẹ́ tó jáde. Àwọn kan ti béèrè pé kí a fún un ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ìlànà Unicode kò gbà á mọ́, kí àwọn ìwé tí a ti kọ má bàa dàrú.

Ìjàǹbá kékeré kan wà níhìn-ín tí ó yẹ kí gbogbo ilé-iṣẹ́ èdè mọ̀. A lè tò ẹ́ ní ọ̀nà méjì: kí a mú ẹ kí a fi àmì ohùn lé e, tàbí kí a mú é kí a fi àmì sí abẹ́ rẹ̀. Ojú kò lè mọ ìyàtọ̀. Unicode wí pé ọ̀kan náà ni kí a kà wọ́n sí, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ètò orí kọ̀ǹpútà ni ó ń gbọ́rọ̀. Àti Windows, àti Linux, bí a ti tẹ orúkọ fáìlì ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀. Nítorí náà fáìlì méjì tí orúkọ wọn jọ ara wọn láìkù síbì kan lè jókòó pọ̀ nínú àpò kan, kí a sì máa ṣe àtúnṣe sí ọ̀kan nígbà tí a ń tẹ èkejì jáde.

Windows NT ti ń lo Unicode láti ọdún 1993, ṣùgbọ́n Windows XP ti ọdún 2001 ni ó gbé e dé orí tábìlì ọ̀pọ̀ ènìyàn. Lọ́dọ̀ Linux, tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní Helsinki ní ọdún 1991, Red Hat Linux 8.0 ti ọdún 2002 wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ sọ ọ́ di ìlànà àbẹ̀rẹ̀. Kíyèsí àwọn ọdún méjèèjì: wọn kò jìnnà sí ara wọn. Láti ìgbà náà, kò sí lẹ́tà Akan, Ewe, Ga tàbí Yorùbá tí ọ̀kan nínú ètò ìdarí méjèèjì lè gbé tí èkejì kò lè gbé. Nítorí náà ààlà tí ó yẹ kí a bẹ̀rù kò sí láàrin Windows àti Linux. Ó wà láàrin fáìlì tí a kọ ṣáájú Unicode àti èyí tí a kọ lẹ́yìn rẹ̀, ààlà náà sì gba inú kọ̀ǹpútà wa kọjá, yálà a ṣí tàbí a kò ṣí.

Lórí ọ̀rọ̀ kíbọ́ọ̀dù, ìtàn gbe Linux díẹ̀. Nígbà tí Windows 7 jáde ní ọdún 2009, kíbọ́ọ̀dù Yorùbá, Igbo àti Hausa wà nínú rẹ̀, èyí tí ó jẹ́ ohun àmúyangàn fún Nàìjíríà; Akan, Ewe àti Ga kò sí. Nínú Linux, kíbọ́ọ̀dù Gánà wà, pẹ̀lú ẹ̀ka fún Akan, Ewe, Ga, Hausa, Fúlàní àti Avatime, àti ọ̀kan tí ó ń jẹ́ orúkọ GILLBT, àjọ tí ń túmọ̀ Bíbélì sí èdè ilẹ̀ Gánà. Ti Nàìjíríà náà sì wà. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ṣe kíbọ́ọ̀dù lè fi í ránṣẹ́ kí a fi kún un, kò sì sí ọjà tí ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tóbi tó. Ṣùgbọ́n a kò gbọ́dọ̀ fi èyí ṣe àríyànjiyàn ńlá, nítorí pé Keyman wà, tí a ti ń lò lọ́fẹ̀ẹ́ láti ọdún 2017, tí ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí ètò ìdarí méjèèjì.

Àwọn tí ó wà ní ìhà Linux fẹ́ràn láti dárúkọ ìlú Munich ní Jámánì. Àwọn tí ó wà ní ìhà kejì náà fẹ́ràn láti dárúkọ rẹ̀. Ní ọdún 2003 ni ìgbìmọ̀ ìlú náà pinnu láti kúrò lórí Windows. Nígbà tí yóò fi di ọdún 2013, nǹkan bí kọ̀ǹpútà 15,000 ti wà lórí Linux. Ní ọdún 2017 wọ́n dìbò pé kí a padà sí Windows. Ní ọdún 2020 àwọn tí ó gba ìjọba ìlú tún wí pé ètò tí gbogbo ènìyàn lè rí inú rẹ̀ ni àwọn yóò kọ́kọ́ máa wá. Ohun tí ó kọ́ àwa lẹ́kọ̀ọ́ nínú ìtàn náà kò sí nínú àwọn ìdìbò wọ̀nyí. Ó wà nínú fọ́ọ̀mù. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan nínú ìlú náà ti ṣe fọ́ọ̀mù àti àpẹẹrẹ ìwé tirẹ̀ ní ọ̀nà tirẹ̀, tí kò sí ẹni tí ó mọ iye wọn, wọ́n sì ní láti jókòó kọ ètò àkànṣe kan, WollMux, láti fi kó wọn jọ. Ní ti ilé-iṣẹ́ èdè, fọ́ǹtì àtijọ́ ni fọ́ọ̀mù tiwa.

Ìmọ̀ràn wa, nígbà náà, ni pé kí a ṣí lọ sí Linux, kí ó sì jẹ́ Ubuntu, tí ó kọ́kọ́ jáde ní ọdún 2004, tí ìtìlẹ́yìn rẹ̀ pọ̀, tí orúkọ rẹ̀ sì wá láti inú èdè gúúsù Áfíríkà. Dọ́là 427 lórí kọ̀ǹpútà kan kò bójú mu fún ẹ̀rọ tí kò ní àléébù. Ọmọ ilé-iṣẹ́ tí ó wà ní Accra sì lè kọ́ bí a ti ń tọ́jú Linux, nítorí pé Kofi Annan Centre tí a ṣí ní ìlú yìí ní ọdún 2003, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ orílẹ̀-èdè India, wà fún irú ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá sọ pé Windows 11 yóò rọrùn fún òṣìṣẹ́ tí ó ti dàgbà sínú Windows kò purọ́. Ìrọ̀rùn náà wà, iye tí a ó san fún un ni a kò gbà.

Ṣùgbọ́n a kò fọwọ́ sí i pé kí a ṣí lọ́la. Ohun tí ó yẹ kí ó ṣáájú ni pé kí gbogbo òṣìṣẹ́ bọ́ sórí LibreOffice nígbà tí wọ́n ṣì wà lórí Windows, nítorí pé ojú kan náà ni ó ní lórí ètò ìdarí méjèèjì, fọ́ǹtì Unicode bí Charis SIL sì wà fún méjèèjì lọ́fẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn náà ni kí a ka gbogbo fáìlì tí a fi fọ́ǹtì àtijọ́ kọ, kí a sì kọ orúkọ fọ́ǹtì kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Fún fọ́ǹtì kọ̀ọ̀kan, kí a ṣe àtẹ kan tí yóò fi hàn pé nọ́ńbà báyìí dúró fún lẹ́tà báyìí; ètò kan wà, TECkit, tí ó lè fi irú àtẹ bẹ́ẹ̀ yí fáìlì padà. Ẹ̀rọ nìkan kò lè dá iṣẹ́ náà ṣe. Níbi tí a ti fi ɔ sí ipò ½, ẹni tí ó gbọ́ èdè náà ni ó lè sọ èyí tí ó jẹ́ ɔ, àti èyí tí ó jẹ́ ìdajì ife ìyẹ̀fun nínú ìwé oúnjẹ sísè. Nígbà tí Ð bá wà nínú ìwé Ewe, ẹni tí ó mọ Ewe ni yóò jókòó tì í. Iṣẹ́ onímọ̀ èdè ni èyí, òun ni ó sì yẹ kí a kọ sínú ìwé ìṣúná ọdún tí ń bọ̀ ṣáájú owó ẹ̀rọ.

Àwọn ìwé atúmọ̀ èdè ni kí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, lẹ́yìn wọn ìtàn tí a gbà lẹ́nu àwọn àgbà, nítorí pé àwọn ìwé ìkàwé ti wà lórí tákàdá, a sì tún lè tẹ̀ wọ́n. Kọ̀ǹpútà kan pẹ̀lú Windows àtijọ́ rẹ̀, pẹ̀lú gbogbo fọ́ǹtì rẹ̀, ni kí a fi sílẹ̀ ní igun yàrá, kí a má ṣe so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹnikẹ́ni má sì fi ọwọ́ kàn án, títí fáìlì tí ó kẹ́yìn yóò fi jáde kúrò nínú rẹ̀.